Planẹ́tà Kọ̀, Kò Jí

Mo ta á lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́.
Mo tún ta á, ó dákẹ́
bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dáhùn.
Nígbà tí mo fi kà á dé ogójì, orúnkún mi nìkan ló ń ké.

Afẹ́fẹ́ oṣù kẹrin ń kó iyanrìn Góbì,
ó ń dà á sí wa lẹ́nu, èmi àti alùpùpù yìí,
ọmọ Rọ́ṣíà, ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
tí bàbá mi fi ràkúnmí méjì pààrọ̀.
Àpò mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti fi okùn irun ẹṣin dì í pinpin.
Ibi ìwakùsà èédú jìn. Oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣé epo ni? Mo tú ọ̀nà epo, ó ń kán.
Mo gbóòórùn rẹ̀: epo ogún ìwọ̀n, ọ́ìlì ìwọ̀n kan,
ife tíì ni mo fi wọ̀n ọ́n fúnra mi, n kò ṣì í.
Mo yọ pulọ́ọ̀gì. Ó tutù, ó sì dúdú
bí imú ọmọ àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.
Mo ha á, mo yan án lórí iná ìgbẹ́ màlúù,
mo gbé e lé ara ẹ́ńjìnì, mo ta á:
iná kan fò, kò ju ojú èèrà lọ,
ṣùgbọ́n iná ni.
Epo ń bẹ. Iná ń bẹ. Kí ló wá kù?

Purevjav gun ẹṣin dé láti òkè odò,
kò sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi pàṣán tọ́ka bíi dókítà.
"Kabúrétọ̀ ni." Mo tú kabúrétọ̀,
mo fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ tó rí bíi ti abẹ́rẹ́ títí ètè mi fi bó.
"Àbí písítìn ni." Mo fìka dí ojú pulọ́ọ̀gì, mo ta á,
afẹ́fẹ́ ti ìka mi dànù. Písítìn kọ́.
"Ó dáa, tà á, kí o fi ra ewúrẹ́."
Ó fín aáṣáà rẹ̀.

Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu àgọ́,
ó ń lọ́ okùn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ́.
Òun ló sọ mí ní Nergui, Kò-Lórúkọ,
lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta ti kú,
kí ikú tó bá ń kọjá má baà rí ohun tí yóò pè.
Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Mo tún ta á. Àfìgbà yìí ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa.
Kì í ṣe ikọ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.
Ẹ̀rọ yìí kò ní ju mímí méjì lọ, sínú, síta;
èyí tí kò ríbi mí sí, níbo ni yóò ti rí èémí fà?
Mo kúnlẹ̀ sídìí sálẹ́ńsà, mo ti ìka bọ̀ ọ́.
Ó rọ̀.

Irun àgùntàn àtẹ̀pọ̀, irú èyí tí a fi bo àgọ́,
wọ́n ká a, wọ́n fi igi gún un wọlé.
Mo ń fà á, ó ń bọ̀, ó gùn tó apá mi,
ó dúdú fún èéfín ọdún tó kọjá.
Purevjav gbójú sókè, ó ń wo àwọsánmà.
"Èkúté ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Wọn a máa tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀."
Láti ìgbà tí yìnyín ti pa wọ́n, n kò rí èkúté kan.
Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Èkúté ò wọlé."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ta á.
Èéfín bo àgọ́, ajá sá,
pọ́n-pọ́n-pọ́n, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi.
Ó gba irun náà lọ́wọ́ mi, ó ká a,
ó tì í bọ àyà ẹ̀wù rẹ̀, tèédú tọ́ìlì,
ó wọlé lọ bu wàrà tí a fi ń sin arìnrìn-àjò.

Wọ́n ní kí ẹni tó ń lọ má bojú wẹ̀yìn.
N kò bojú wẹ̀yìn.
Mo gbọ́ ṣíbí igi tó kan etí korobá,
wàrà sì ta sí mi lọ́rùn, ó tutù,
nítorí n kò tíì tẹ gíà.